Ọlọ́jà kì í sùn gbàgbé ọjọ́ ọjà: Kí ló dé tí eré ìdárayá ò fi lè jí wa?

Ẹni tó bá dúró sí oríta Ìgbàrà-Òkè ní ìdájí, kílẹ̀ tó mọ́ tán, yóò rí i pé ìlú ti jí. Awakọ̀ tó ń lọ sí Akúrẹ́ ti ń pe èrò, èyí tó ń forí lé ọ̀nà Iléṣà ti ń to ẹrù sí bùùtù, àwọn tó ń yà gba Ìgbàrà-Odò lọ sí Adó-Èkìtì náà ò gbẹ́yìn. Ìyá tó fẹ́ kó èrè oko lọ tà ti di ẹrù rẹ̀ láti alẹ́ àná. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jí, kò sì sẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ ìyànjú sí wọn létí.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn èèyàn kan náà yìí pé kí wọ́n máa jí láàárọ̀ kí wọ́n rìn yí àdúgbò ká nítorí ara wọn, ẹ ó gbọ́ àwáwí. Wọ́n á ní iṣẹ́ àná ṣì wà lára àwọn. Wọ́n á ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀, àwọn á bẹ̀rẹ̀. Oṣù náà á dé, á tún kọjá lọ. Èmi ò gbà pé ọ̀lẹ ni wọ́n, nítorí ọ̀lẹ kì í jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ sọ́jà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé a jókòó, a ń retí kí ara wa yá kó tó di pé a dìde, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe pé ara ọlọ́jà yá ló fi ń jí. Ohun méjì ló ń jí i: ẹnì kan wà tó ń retí rẹ̀, owó kan sì wà tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá lọ. Eré ìdárayá àárọ̀ ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí oorun fi ń borí ẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn òǹkàwé wa lè béèrè pé kí ló kan ojú ìwé ọrọ̀ ajé nínú jíjí ṣeré ìdárayá. Owó ló kàn án. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kan tẹ ìṣirò kan jáde tí wọ́n kó jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri Nàìjíríà, ohun tí wọ́n sì rí ni pé nínú àgbàlagbà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tiẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú náírà ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń ná sórí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní àádọ́rin tó ń jáde tààrà látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló ń san án, kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ adójútòfò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún oníṣòwò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí rọpárọsẹ̀ bá kọ lù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á tì lọ́jọ́ náà gan-an. Owó tó yẹ kó fi ra ọjà tuntun, owó oògùn ni yóò dà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì owó, owó iléèwé ọmọ á sì di gbèsè. Oníṣòwò tó ń fi ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo, ara yẹn gan-an ni olú owó rẹ̀. Kò sì sí oníṣòwò gidi tí kì í tọ́jú olú owó.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mò ń bá wí o. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè látàárọ̀ dọ̀sán, alábàárù tó ń gbé ẹrù, àwọn yẹn ti ń ṣe tiwọn. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní iṣẹ́ tó ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ wà lára ẹ̀. Àwa tí à ń fi ìjókòó jẹun ni ọ̀rọ̀ kàn: awakọ̀ tó ń lo wákàtí mẹ́jọ nídìí ọkọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifedore, aránṣọ, ọlọ́jà tó jókòó ti igbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì l'Ákúrẹ́ àti l'Óǹdó, títí kan àwa oníròyìn náà.

Àwọn kan gbà pé bí èèyàn bá ti náwó sí i, ara rẹ̀ á yá. Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà, níbi tí owó wà. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, gbé ìwádìí kan jáde lórí ilé ìdárayá mẹ́ta tí àwọn oníbàárà wọn lé ní 7,000. Àwọn tó ń san owó oṣooṣù, tó lé ní 70 dọ́là, kì í lọ ju ìgbà mẹ́rin lọ àti díẹ̀ lóṣù. Bí wọ́n bá pín owó náà sí iye ìgbà tí wọ́n lọ, ó lé ní dọ́là 17 lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá ni, dọ́là 10 péré ni wọn ì bá máa san lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sanwó sílẹ̀ pé ìyẹn á jẹ́ kí àwọn máa lọ, wọn ò sì lọ. Ìdí ni pé owó tí wọ́n san ti lọ nìyẹn, wọ́n sùn o, wọ́n jí o, bákan náà ni. Kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé òun á bẹ̀rẹ̀ bí òun bá ti ra bàtà ìsáré tuntun, kó rọra ná.

Àṣẹ ìjọba náà ò tó. Nígbà tí ìjọba Bùhárí gbé ètò ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́ kalẹ̀ lọ́dún 1984, tipátipá ni wọ́n fi ń mú aráàlú jáde wá gbálẹ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ìbẹ̀rù ló ń jí èèyàn. Nígbà tí ojú àwọn tó ń mú ni kúrò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Èkó, lóṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba fúnra rẹ̀ fòpin sí òfin kónílé-ó-gbélé tó bá ìmọ́tótó oṣooṣù náà rìn. Ní Ọ̀ṣun tó múlé gbè wá, Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ṣe gómìnà láti 2010 sí 2018, máa ń kó èrò jáde láti rìn lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí wọ́n pè ní Walk to Live. Ohun tó dáa ni, ọ̀pọ̀ ló sì gbádùn ẹ̀. Àmọ́ ìrìn tí gómìnà ṣe agbátẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ò lè kan ilẹ̀kùn yín ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó lè kàn án ni aládùúgbò yín.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ohun tí a nílò ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Àjọ ni. Kò sí ìlú Yorùbá kankan tí wọn kì í ti í dájọ. Ẹni tí kò lè tọ́jú 500 náírà fúnra rẹ̀, bó bá ti wọ àjọ, á máa dá a déédéé, nítorí ojú àwọn tí wọ́n jọ ń dá a wà lára rẹ̀. Ohun tí àjọ ń ṣe fún owó, ó lè ṣe é fún àárọ̀ kùtù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kí ẹni mẹ́wàá tí wọn ò jìnnà síra wọn kó ara wọn jọ. Kí wọ́n mú ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n máa fi àádọ́ta ìṣẹ́jú rìn kíákíá tàbí kí wọ́n sáré díẹ̀díẹ̀. Àádọ́ta ọ̀nà mẹ́ta, 150 ìṣẹ́jú tí WHO wí ti pé nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí kálukú dá 2,400 náírà sọ́dọ̀ ẹnì kan tí gbogbo wọn fọkàn tán. Àárọ̀ méjìlá ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 200 náírà ló wà lórí àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wá ní gbogbo ọjọ́ á gba 2,400 rẹ̀ pé. Ẹni tó sùn ní ọjọ́ mẹ́ta á gba 1,800. Owó tó bá bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má fi jẹun. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí yóò fi tó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Ẹni tó ń tọ́jú owó ò gbọ́dọ̀ ní èrè kankan nínú owó ìtanràn o, kó má baà máa gbàdúrà kí èèyàn sùn.

Wọ́n ti dán ohun tó jọ èyí wò níbòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, báńkì kan ní kí àwọn tó ń mu sìgá máa fi owó wọn pamọ́ fún oṣù mẹ́fà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n ti jáwọ́, wọ́n á gba owó wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó lọ nìyẹn. Ìwádìí náà, tó jáde lọ́dún 2010, fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi ètò yìí lọ̀ jáwọ́ ju àwọn yòókù lọ, ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àmọ́ ìyàtọ̀ náà ò pọ̀, nítorí díẹ̀ nínú wọn ló gbà láti fi owó sílẹ̀. Ẹ ò lè fipá mú èèyàn wọ àjọ. Ẹni tó bá wù ló ń dá a.

Ewu kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ìlú Haifa, lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, àwọn iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan fi owó ìtanràn lélẹ̀ fún àwọn òbí tó ń pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ. Dípò kí ó dínkù, ńṣe làwọn tó ń pẹ́ pọ̀ sí i, nítorí ìtìjú tó ń mú wọn tẹ́lẹ̀ ti kúrò, wọ́n ti rí i bí ohun tí èèyàn ń fowó rà. Nígbà tí wọ́n fagi lé owó náà, àwọn òbí ò padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 2000 ni ìwádìí yẹn jáde. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Olówó inú ẹgbẹ́ lè sọ pé, "Ẹ mú 200 yín, mò ń sùn." Nítorí náà, owó nìkan ò tó, èèyàn ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n má ṣe máa pàdé níbì kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n ti máa pàdé, kí ó máa yípo. Ẹni tí ẹni mẹ́sàn-án bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní aago mẹ́fà, tí wọ́n ń pè é lórúkọ, ìtìjú ò ní jẹ́ kó lè sùn.

Àmọ́ ẹ má ṣe torí ìlera kó sínú ewu. Lágbègbè Akúrẹ́, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́fà yóò fi kọjá dáadáa, nígbà tó bá sì di oṣù kìn-ín-ní, ó ń tó nǹkan bí aago méje. Òpópónà Akúrẹ́ sí Iléṣà kì í ṣe ibi ìsáré nínú òkùnkùn, tírélà àti ọkọ̀ akérò ò ní rí yín. Àárín ìlú àti pápá iléèwé ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì wọ aṣọ funfun. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ ní ìdájí, ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí lákòókò yìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ ti sùn, nítorí àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í tì títí di aago mẹ́wàá alẹ́, kó wá àwọn tó máa bá a rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ náà ń ṣe ara lóore.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin alága páàkì, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ alájọṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé orúkọ, ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó ṣe é fọkàn tán, ẹ̀yin sì lẹ̀ ń dáwó ìtọ́jú nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìpàdé tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ tó ka owó àjọ tán, ẹ béèrè pé ta ló fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún ti àárọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni mẹ́ta péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.