Àkọ́sórí kì í ṣe ìmọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Odomẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọdún 7 ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ìdánwò BEPC wà ní òpin ọdún kẹrin, BAC sì wà ní òpin ọdún keje. Ẹni tó bá gba BAC lè lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, tàbí ti Parakou, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001.

Ṣùgbọ́n BAC nìkan kò tó. Ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 200 lọ lè jókòó sí iyàrá kan. Olùkọ́ lè má mọ orúkọ ọmọ yín. Ta ni yóò bi í pé, "Ṣé o ti kàwé?" Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sórí bí ayékòótọ́ yóò kọsẹ̀ níbẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ fún ọmọ ní wákàtí kan ní alaalẹ́. Ẹ má rán an níṣẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn náà, kí ó pa ìwé dé, kí ó sọ ohun tó kà fún yín ní Yorùbá. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì yé e. Kí ó tún un kà. Kí ó má sì dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. A kì í gbin iṣu ní ọjọ́ tí a fẹ́ wà á.

Ẹ má sọ pé, "Èmi kò gbọ́ Faransé." Etí yín tó. Ẹ gbé ìwé tiyín náà, kí ẹ jókòó tì í. Àtùpà kan tó fún ìwé méjì.