Ẹ má tíì sọ ìpara yín nù: ọ̀rọ̀ lórí propylene glycol

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tí àwọn èèyàn ń pín kiri. Ó ní omi tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nílẹ̀ òtútù, kí omi inú rẹ̀ má baà dì, ni wọ́n ń pò mọ́ ìpara àti roll-on tí à ń fi pa abíyá. Orúkọ tí wọ́n dá ni propylene glycol. Wọ́n ní kí oníkálùkù lọ wo ẹ̀yìn ike ìpara rẹ̀, bó bá ti rí orúkọ yẹn níbẹ̀, kó sọ ọ́ nù.

Ẹ má tíì sọ ọ́ nù.

Propylene glycol jẹ́ omi tó ki díẹ̀, kò láwọ̀, kò ní òórùn kan gbòógì, ó sì dùn díẹ̀ lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìpara ni láti yọ́ ohun tí omi lásán kò lè yọ́: lọ́fíńdà, oje ewé àti ti egbò, àti àwọn oògùn kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti rẹ egbò sínú ọtí rí, kí ọtí lè fa agbára rẹ̀ jáde, ẹ ti mọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Ó tún máa ń fa omi mọ́ra, kì í jẹ́ kí ìpara gbẹ nínú ike, kì í sì í jẹ́ kí awọ ara tètè gbẹ lásìkò ọyẹ́. Wọ́n ń lò ó nínú oúnjẹ pàápàá. E1520 ni wọ́n máa ń kọ sára páálí. Bó bá wọ inú ara, kíndìnrín á yọ apá kan dànù sínú ìtọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì yí ìyókù padà di irú ásíìdì tí iṣan wa ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré. Ara mọ bó ṣe ń ṣe é.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú omi ẹ́ńjìnnì ni ethylene glycol, májèlé gidi nìyẹn. Àjàyí àti Àjàní jọra lórúkọ, ẹni méjì ni wọ́n. Lóòótọ́, àwọn kan ń fi propylene glycol náà ṣe omi ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n torí pé kò ní májèlé bíi ti èkejì ni wọ́n ṣe yàn án. Omi kànga náà là ń bù sínú ẹ́ńjìnnì, a ò sì torí ẹ̀ sọ pé ká má mu omi mọ́.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ara ló gbà á. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà, American Contact Dermatitis Society, fi propylene glycol ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún jù lọ́dún náà, nítorí pé ó máa ń yún àwọn kan lára. Àwọn díẹ̀ ni o. Bí abíyá yín bá ń yún yín, tó ń pọ́n, tó ń bó lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ roll-on, ẹ wá èyí tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má sì máa fi ìpara àgbà pa ọmọ tuntun ní gbogbo ara. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ jòjòló kò tíì gbó. Ìwọ̀n tí kò ní ṣe bàbá rẹ̀ ní nǹkan kan lè pọ̀ jù fún un.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò sí lẹ́yìn ike kankan, torí wọn kì í kọ ọ́ síbẹ̀. Diethylene glycol lorúkọ rẹ̀. Kò láwọ̀, ó ki, ó dùn, gẹ́gẹ́ bíi ti propylene glycol, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, ó sì ń pa kíndìnrín. Ojú kò lè dá a mọ̀, imú kò lè dá a mọ̀, ahọ́n náà kò lè dá a mọ̀. Àyàfi ẹ̀rọ ní yàrá àyẹ̀wò.

Ẹ rántí ọdún 2008. Omi oògùn eyín tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa nígbà náà, My Pikin, propylene glycol ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ra tirẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ, l'Ékòó níbí. Diethylene glycol ló wà nínú ohun tí wọ́n rà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, wọ́n ń bì, lẹ́yìn náà wọn ò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa: ní 1990, irú nǹkan yìí kan náà nínú omi oògùn paracetamol pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Lọ́dún 2022, ó kan àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Gambia.

Ẹ lè sọ pé oògùn àmumu nìyẹn, kí ló kan ìpara? Lọ́dún 1985, ní orílẹ̀-èdè Spain, èèyàn márùn-ún tí iná jó ló kú nítorí ìpara tí wọ́n fi tọ́jú egbò wọn; diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Awọ tó pé kì í gba púpọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n awọ tó ti bó ń gbà á. Ta ló sì ń ní awọ tó ti bó ju àwọn tó ń fi ìpara bó ara lọ?

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. Àwọn tó ń po ìpara nínú yàrá wọn pọ̀ lóde òní. Wọ́n á ra glycol nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò lórúkọ, ẹni tó tà á fún wọn bù ú láti inú dúróòmù tí òun náà kò mọ orísun rẹ̀, wọ́n á wá kọ "organic" sára ike. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ojúlówó propylene glycol, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ohun tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ wọnú awọ. Bí hydroquinone tàbí oògùn steroid bá wà nínú àpòpọ̀ náà, á túbọ̀ wọlé ni. Ní tèmi, kò yẹ kí wọ́n máa wọn glycol tà lọ́jà bí ẹní ń wọn òróró. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ tà á ní ìwé àṣẹ, kó sì lè fi ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ hàn: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, àmì USP tàbí BP, àti pé diethylene glycol inú rẹ̀ kò ju 0.1 nínú 100 lọ. Bí wọ́n bá ní ìyẹn á mú ìpara wọ́n, kó wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìpara tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgbúnwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ bíi márùn-ún. Ọmọ tó bá ń mu omi oògùn, tí kò wá tọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání fún dókítà.

Bí ẹ bá ní àbúrò tó ń po ìpara tà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi èyí ránṣẹ́ sí.