"Agbára" kò tó fún omi ṣáwà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ kò ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wá. Balùwẹ̀ ni ó ti wá. Ní Bàrígà, tí kò jìnnà sí yunifásítì tí ó wà ní Àkókà, aládùúgbò mi kan tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ra hítà, ṣùgbọ́n omi ṣáwà rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Púlọ́ńbà wò ó, ó ní, "Bàbá, omi yín ni kò lágbára." Bàbá rò pé omi ni kò pọ̀ tó. Ó yọ táńkì onílítà 500 kúrò, ó gbé ti 2,000 sórí pèpéle irin kan náà. Owó lọ, ṣáwà kò yí ohùn padà.

Èmi kò dá púlọ́ńbà lẹ́bi. Àwa tí ń ṣe èdè-ìperí ni mo bá wí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó gbájú mọ́, kì í ṣe páìpù. Nítorí náà ni a fi di gbogbo ẹrù lé "agbára" lórí: òun ni okun ara, òun ni àṣẹ, òun ni ti iná mànàmáná, òun náà ni a tún ní kí ó máa ti omi.

Ohun tí ń ti omi, tí mo fẹ́ kí a máa pè ní ìtì, kò bá títóbi táńkì lọ rárá. Gíga ni ó ń bá lọ. Bí ojú omi inú táńkì bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ṣáwà lọ, ìtì rẹ̀ tó nǹkan bí bar 1. Bí ó bá jẹ́ mítà 2 péré, bar 0.2 ni. Ìdí nìyí tí ayálégbé ìsàlẹ̀ fi ń rí omi wẹ̀ dáadáa, tí ẹni òkè, tí táńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn lórí, sì ń ṣọ́ ẹ̀kán.

Èyí kan irú hítà tí a ó rà. Ọ̀pọ̀ hítà tí ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ kì í tàn bí omi tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò bá yá tó. Èyí tí ó jẹ́ wáàtì 3,500 kò sì ṣeé fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé. Oníkòkò, tí ń tọ́jú omi gbígbóná pamọ́, ni mo rò pé ó bá Ṣómólú àti Bàrígà mu jù: lítà 50 pẹ̀lú wáàtì 1,500 yóò gbóná láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀ nígbà tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n òun pàápàá kò dá ìtì sílẹ̀. Omi tútù tí ń wọlé ni ó ń ti gbígbóná jáde. Ẹ gbé táńkì ga, tàbí kí ẹ ra páńpù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn "ìfúnpá". Ó bá ti ẹ̀jẹ̀ mu, nítorí apá ni dókítà ń fún kí ó tó kà á. Ṣùgbọ́n kí ni apá ń wá nínú páìpù? Àwọn mìíràn yóò ní, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kọ́? N kò tíì rí ẹni tí ó gbé ìyẹn wọ balùwẹ̀. Kí ìtì jẹ́ ipá tí a pín fún fífẹ̀ ojú tí ó ń tì; kí ìṣàn jẹ́ iye omi tí ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan.

Mo dán an wò lọ́dọ̀ púlọ́ńbà kan náà. Mo ní, "Ìtì omi Bàbá kéré, páìpù tóóró sì ń dín ìṣàn rẹ̀ kù." Kò bi mí ní ìtumọ̀ kankan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ á fi mítà 3 kún pèpéle yẹn, ká sì pààrọ̀ páìpù sí èyí tó fẹ̀."