Ọ̀rọ̀ Ṣéènì Ọ̀kadà Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfepo-boyọ̀. Púpọ̀ nínú wa ló fi owó àyálò ẹgbẹ́ ra ọ̀kadà tó ń kó ẹrù wa lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n bí ṣéènì bá ń pariwo, a ó ní ó ṣì ń lọ. Ọjọ́ tó bá já lórí eré, ó lè ká mọ́ táyà ẹ̀yìn kó dè é pinpin, ó sì lè fọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó di àpò gàrí sẹ́yìn mọ ohun tí mò ń wí.

Yanrìn ló ń jẹ ṣéènì. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn kan ń dà sí i, ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì àti àkísà nù ún, kó gbẹ, kí ẹ wá kán ọ́ìlì gíà sí i. Ẹ má sì fà á le bí awọ ìlù. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, ó yẹ kó lè mì tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ṣéènì tuntun tí wọ́n ń fi lé irin eléyín tó ti gbó. Eyín tó ti ṣe ṣóńṣó yóò ba tuntun náà jẹ́ kíákíá. Ṣéènì, eléyín iwájú, eléyín ẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀. Owó ńlá ni, mo mọ̀. Ní tèmi, kí ẹgbẹ́ máa yáni lówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, ká má yá ẹnikẹ́ni ti ṣéènì nìkan mọ́. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ nípàdé oṣù tó ń bọ̀.