Ìka Tó Tọ́ Epo

Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran àwọn yòókù. Ọmọ tó ń kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lójú tèmi, ẹni tó ni ọwọ́ gan-an ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò ẹja kan ní Ẹpẹ, tó san owó táṣẹ́rẹ́ fún àyè lórí sáfà kí ímeèlì rẹ̀ lè máa jẹ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lórí sáfà yẹn, nọ́ḿbà IP kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì fi ń ránṣẹ́. Gbájúẹ̀ kan nínú wọn fi òru fọ́n spam káàkiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́tà tí oníṣòwò wa kọ sí oníbàárà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti padà wá bá a, pẹ̀lú 550 lórí, àmì pé wọn kò gbà á.

Àtòkọ ìdènà, ìyẹn àkójọ àwọn nọ́ḿbà tó ti jẹ̀bi, ló ṣe é. Paul Vixie bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997. Steve Linford dá Spamhaus, àjọ tó ń ṣe irú àtòkọ bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ lọ́dún 1998. Bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ 192.0.2.45 wá, sáfà tó fẹ́ gbà á á ka nọ́ḿbà náà láti ẹ̀yìn, 45.2.0.192, á sì bi àtòkọ léèrè. Bí àtòkọ kò bá mọ̀ ọ́n, kó wọlé. Bó bá dáhùn pé 127.0.0.2, ilẹ̀kùn tì nìyẹn. Kì í béèrè orúkọ, kì í béèrè iṣẹ́.

Láyé ìgbà tí wọ́n ń sùn sí kàfé ní Ìkòròdú torí yahoo-yahoo, àwọn alábòójútó sáfà kan lókè òkun ò tilẹ̀ yẹ nọ́ḿbà wò mọ́: gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n tì mọ́ta. Ìwà ọ̀lẹ nìyẹn, mi ò ní gbè wọ́n. Àmọ́ ẹni tó dènà nọ́ḿbà kan tó ti jẹ̀bi, mi ò lè bá a jà; láìsí òun, ta ni ì bá rí lẹ́tà gidi kà?

Gbájúẹ̀ àti oníṣòwò ẹja ò mọra rí. Ilé-iṣẹ́ tó yá wọn ní sáfà ló sọ wọ́n di ìka ọwọ́ kan. Spamhaus náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí nọ́ḿbà bá bọ́ sínú àtòkọ wọn tó ń jẹ́ SBL, ilé-iṣẹ́ tó ni nọ́ḿbà ni wọ́n ń retí pé kó lé arúfin náà, kó sì wá bẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́ja ò lẹ́nu níbẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni pé, kó tó sanwó, kó bi olùtajà pé: lẹ́tà mélòó lẹ ń gbà kí ẹnì kan rán láàárín wákàtí kan, ta ló sì ń gbé fóònù lóru bí wọ́n bá fẹjọ́ sùn?