Ẹ Má Jẹ́ Ká Lọ Yá Orúkọ Lò

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọn ò jẹ́ ká sọ parí nípàdé, a ó sọ ọ́ níbí.

Ohùn àwọn àgbà, àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìwé ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lórí ordinateur nílé ẹgbẹ́ wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ọmọ wa ní Kútọnu àti Paris ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, nom de domaine tí wọ́n ń pè é, ọmọ wa kan ló fi orúkọ ara rẹ̀ àti e-mail ara rẹ̀ rà á. Ó rìnrìn àjò, kò ṣí e-mail náà mọ́, wọn ò san owó ọdún, orúkọ bọ́. Ẹlòmíì ti rà á. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni onílé.

Ní báyìí, àwọn kan nínú bureau ní ká mú ti ọ̀fẹ́, ká fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ òyìnbó. A à gbà! Ní 2014, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà gbé orúkọ tó lé ní 20 tí No-IP fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lé Microsoft lọ́wọ́, nítorí àwọn jàgùdà tó ń lò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ọ̀nà ilé wọn dí. Àwọn orúkọ .ga tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Gabon gba tirẹ̀ padà ní 2023, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pa rẹ́.

Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fún ilé ẹgbẹ́ kì í dúró lójú kan: iná lọ, iná dé, ó ti yí padà. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò DNS dynamique, kí ẹ̀rọ wa máa sọ nọ́ńbà tuntun fún orúkọ wa. Olùtajà orúkọ tó dáa máa ń gbà kí ẹ̀rọ ṣe é fúnra rẹ̀ lórí orúkọ tiwa gan-an. (Kí akọ̀wé kọ́kọ́ béèrè bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ tiwa nìkan o. Tí wọ́n bá ń pín ẹyọ kan fún ilé púpọ̀, DNS kankan ò lè mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà wa.) Kí wọ́n má sì wo owó pọ́ọ́kú ti ọdún kìíní, iye ọdún kejì ni kí wọ́n béèrè.

Kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, a fẹ́ orúkọ .bj tàbí .org lórúkọ ẹgbẹ́, e-mail tí èèyàn méjì ń ṣí, owó ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí akápò má sọ pé owó ò sí. Bâche tuntun tí a rà fún àjọ̀dún tó kọjá, a mọ iye rẹ̀.