Ohun Tí Ó Ń Mú Awọ Hunjọ

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ní oṣù yìí, kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nìkan ni ìkíni náà wà fún, nítorí inú omi gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá pẹ́ nídìí abọ́ ìfọṣọ yóò na ọwọ́ rẹ̀ síta, yóò ní, "Ìyá mi, ìka mi ti di ti Ìyá Àgbà." Púpọ̀ nínú wa a máa rẹ́rìn-ín, a ó sì ní kí ó tètè ṣan aṣọ náà kí ó lọ sá a. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ńlá ni ọmọ náà bèèrè, ó sì yẹ kí ó rí èsì gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé omi ni ó wọ inú awọ tí awọ fi wú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1936, àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Thomas Lewis àti George Pickering, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìka tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í hunjọ nínú omi bí ìka yòókù. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ìka a máa fún pọ̀, ẹran inú rẹ̀ a súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n awọ tí ó bò ó kò súnkì. Níbo ni awọ tí ó ṣẹ́kù yóò gbà? Àfi kí ó ká. Àǹfààní rẹ̀ ni wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Newcastle rí i pé ìka tí ó hunjọ a máa yára gbé ohun tí omi wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ní Jámánì dán an wò ní ọdún 2014, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Inú tí ó dínkù, tí èèpo rẹ̀ kò sì dínkù, òun ni ó ń bí ìhunjọ. Kò sí ọjà kan ní Ìbàràpá tí a kò ti lè fi èyí han ọmọ, ì báà jẹ́ Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà. Ìgbá tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ, iṣu tí ó ti pẹ́ ní àká, ata tí a sá sórí àpáta: omi inú wọn ni ó ti lọ, èèpo wọn sì wá tóbi jù wọ́n lọ. Ẹ fún ọmọ ní ata ṣọ̀ǹbọ̀ tútù kan, kí ó sá a sóòrùn, kí ó sì máa yà á sínú ìwé lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Èmi kò fẹ́ràn kí a máa sọ èsì fún ọmọ kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Ti aṣọ ni ó dùn mọ́ mi jù. Ẹ tẹ́ ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ibùsùn, kí ọmọ gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e ní apá ọ̀tún àti òsì, kí ó sì rọra tì í pọ̀ sáàárín. Ìṣẹ́po wẹ́wẹ́ tí ó súnmọ́ra ni yóò yọ. Kí ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ òfì bàbá rẹ̀: ìṣẹ́po ńlá díẹ̀ péré ni yóò rí. Bí ohun ìbora bá ti nípọn tó ni ìhunjọ rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó. Kí ó wá lọ wo awọ tí ó bo ojú ògì gbígbóná nígbà tí ẹ bá tẹ abọ́ náà, kí ó sì wo awọ ọrùn màlúù tí ń kọjá, kí ó sọ fún yín èyí tí ó ṣe bí ìborùn àti èyí tí ó ṣe bí òfì.

Lórí ikùn ọmọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré mọ́. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera sílẹ̀ ní Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń wá gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ṣẹ́ láàárín ará ìlú. Ọ̀kan nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni yíyẹ awọ ikùn ọmọ tí ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru wò. Wọn a fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú awọ náà láàárín ìdodo àti ẹ̀gbẹ́ ikùn, wọn a fà á sókè, wọn a sì fi í sílẹ̀. Ti ọmọ tí ara rẹ̀ yá a pa dà lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ó bá ń lọ́ra, omi ara ọmọ ti ń tán. Bí ìhunjọ náà bá dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, ilé ìwòsàn ni ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ìlú ìbejì ni a mọ Igbó-Ọrà sí: ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ ń ṣàìsàn lè fi ikùn èkejì tí ara rẹ̀ le ṣe ìwọ̀n.

Ẹ ṣọ́ra o. Awọ ọmọ tí ó rù púpọ̀ lè máa lọ́ra bí omi ara rẹ̀ kò tilẹ̀ dínkù, ti ọmọ tí ó sanra sì lè tan ni jẹ. Nítorí náà, ẹ wo ojú tí ó jìn, àwùjẹ̀ tí ó wọlé, ẹnu gbígbẹ àti ìtọ̀ tí kò wá mọ́. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ po oògùn ORS inú ọ̀rá pẹ̀lú iye omi tí a kọ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lo ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé lórí dọ́gba, nínú omi mímọ́ lítà 1. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi ṣíbí fún un, bí ó bá sì bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè oògùn síńkì pẹ̀lú ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ 10 sí 14 ni a ń lò ó.

Ẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n tí ń pọn ọmọ náà ní àmì yìí nígbà tí ara ọmọ yá, kí ó lè mọ bí awọ ikùn ti ń yára pa dà tó. Èyí tí ó bá sì ya ata rẹ̀ dé ọjọ́ keje, kí ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.